Pámpáàsì rẹ̀ kì í gbẹ, síbẹ̀ síkáànì ní kíndìnrín ti wú: ẹ̀yin òbí ọmọ tó ní spina bifida, ẹ gbà mí níyànjú

Ìyá Àkọ́bí (Iléṣà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo òbí tó wà níbí. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ̀yìn ọjà Àtàkúnmọ̀sà la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin. Mo bí i pẹ̀lú spina bifida, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé tán nínú oyún, kókó rírọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ láti pa á dé kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì láyé. Ó ń di ògiri mú rìn, ó ń kọrin, ó mọ orúkọ gbogbo ará ilé.

Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, pámpáàsì rẹ̀ kì í gbẹ. Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, kí n tó fọwọ́ tán, ó ti tún tutù. Inú mi máa ń dùn sí i. Mo ní bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tiẹ̀ lágbára, ìtọ̀ ń jáde, kò sí wàhálà níbẹ̀ yẹn. Láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, ara rẹ̀ gbóná lẹ́ẹ̀mẹta, oògùn ibà ni wọ́n sì ń fún un. Ìgbà kẹta ni dókítà kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní ká yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ká sì ya síkáànì. Síkáànì ní kíndìnrín méjèèjì ti wú, ti òsì wú ju ti ọ̀tún lọ. Ó ní àpò ìtọ̀ rẹ̀ kún bámúbámú. Bẹ́ẹ̀ pámpáàsì tó wà nídìí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn tutù rinrin!

Wọ́n ní kí n máa ki rọ́bà tóóró kan bọ ihò ìtọ̀ rẹ̀, kí n máa fi fa ìtọ̀ jáde ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Mo ti gba rọ́bà náà wálé, ó wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìyá ọkọ mi ní níṣojú òun, ẹnikẹ́ni kò ní ki nǹkan bọ ojú ara ọmọbìnrin, pé yóò bà á jẹ́, àrùn yóò sì bá rọ́bà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọmọ tó ń tọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ṣe lè ní ìtọ̀ tó kù sínú? Ṣé kò sí oògùn tí a lè lò dípò rọ́bà yìí?

Màmá Ẹlẹ́kọ (Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Àkọ́bí, ẹ pẹ̀lẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ tèmi ti pé mọ́kànlá, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ rọ́bà. Ohun tó tàn yín jẹ yìí ló tan èmi náà jẹ.

Ẹ gbé àmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Tó bá kún, omi á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ á tutù. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ á ní omi ń jáde. Lóòótọ́ ló ń jáde, àmọ́ àmù ò dín. Èyí tí kò ráyè gbé mọ́ ló ń dà sí pámpáàsì, èyí tó kù nínú ló ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Pámpáàsì tó tutù kò sọ nǹkan kan fún yín nípa àpò ìtọ̀. Ọdún kan gbáko ló gbà mí kí n tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Mi ò fẹ́ kó gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Iléṣà)

Ìyá Àkọ́bí, ọmọ mi, fara balẹ̀ kà á.

Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ oyún ni ẹ̀yìn ọlẹ̀ máa ń pa dé. Tí apá kan kò bá pa dé, àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn níbẹ̀ á bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni iṣan tó ń bá àpò ìtọ̀ sọ̀rọ̀ ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó tiẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn dáadáa fi lè ní ìṣòro ìtọ̀. Iṣẹ́ méjì ni àpò ìtọ̀ ń ṣe: á dẹ̀ kó lè gba ìtọ̀ pamọ́, tí àsìkò bá tó, á fún ara rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì ṣí. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, àpò á fún ara rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ á há pinpin. Wọ́n ń bá ara wọn jà. Agbára tó ń ti ìtọ̀ nínú àpò yẹn á wá ga. Bí ẹni fi gíga omi wọn nǹkan ni àwọn dókítà ṣe ń wọ̀n ọ́n, tó bá sì ti ń kọjá 40 sẹ̀ǹtímítà, ewu dé bá kíndìnrín. Ìtọ̀ tuntun kò ní ráyè sọ̀ kalẹ̀, òmíràn á tiẹ̀ padà gòkè. Wíwú tí síkáànì rí nìyẹn. Bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀ tó gòkè, ibà á dé, ojú ibi tó ti jà á di àpá, àpá kíndìnrín kì í sì í parẹ́.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ yìí ni kíndìnrín wọn dára lọ́jọ́ tí a bí wọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ lẹ́yìn náà la ń bá jà, ó sì ṣeé dá dúró. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́ pé kí rọ́bà kúrò lórí tábìlì.

Ní ti àrùn tí màmá ń bẹ̀rù, àwọn dókítà pàápàá bẹ̀rù rẹ̀ rí. Wọ́n ní àfi kí gbogbo nǹkan mọ́ bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ kí ẹnikẹ́ni tó ki rọ́bà bọ ibẹ̀. Ní 1972, Dókítà Jack Lapides ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀ àti rọ́bà tó mọ́ ti tó. Ó ní àpò ìtọ̀ tó kún kọjá ààlà, tí ìtọ̀ dúró pẹ́ nínú rẹ̀, ló ń fún kòkòrò láyè ju rọ́bà lọ. Ìlànà yẹn là ń lò títí dòní.

Ní ti bíba ọmọ jẹ́: ihò tí ìtọ̀ ń gbà yàtọ̀ sí ihò tí a ń gbà bímọ. Òkè ló wà, ó sì kéré. Rọ́bà kò dé ibi tí màmá ń rò. Mú wọn dání nígbà tí o bá ń padà lọ, kí nọ́ọ̀sì fi hàn wọ́n lójúkojú. Ìyá ọkọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i kì í jiyàn mọ́, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Modákẹ́kẹ́)

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ ọmọ níkùn kí ìtọ̀ lè jáde, ẹ dá a dúró lónìí, kí ẹ sì lọ bá dókítà.

Ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin mi wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Tí a bá fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀, ìtọ̀ á tú jáde, èmi àti ìyá rẹ̀ á sì máa dúpẹ́. Ọdún méjì la fi ṣe é, àràárọ̀, alaalẹ́. A ò mọ̀ pé ẹnu àpò tó há kì í ṣí torí pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, apá kan ìtọ̀ ń gbòkè lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi oògùn àwòrán sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ya fọ́tò, dókítà gbé fọ́tò náà sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i. Oògùn náà funfun báláú, ó gba ojú ọ̀nà tóóró kan gòkè tààrà dé inú kíndìnrín òsì.

Ọmọ ọdún méje ni báyìí. Kíndìnrín òsì yẹn kéré sí èkejì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn. Ọwọ́ tí mo fi ń gbé e jó ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Ìfúnpá náà ńkọ́, ẹ máa ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbàkúùgbà tí ẹ bá débẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá àgbàlagbà kì í bá ọmọdé mu, kò ní sọ òótọ́. Ẹ ní kí wọ́n wá ti ọmọdé.

Màmá Ẹlẹ́kọ (Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò mọ̀ ni, wọn ò sọ fún yín.

Ọ̀dọ́ Láágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin òbí mi. Èmi fúnra mi ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ń tún fóònù ṣe ní Láágere. Mo ní kí n sọ bó ṣe rí lára ẹni tí wọ́n ń ki rọ́bà bọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí iṣan ibẹ̀ kò gbé ìròyìn dáadáa. Ojú tí ẹ fi ń wo ọmọ ló máa ń rí. Bí ẹ bá ń sunkún, á mọ̀ pé ohun búburú lẹ ń ṣe fún òun. Màmá mi máa ń ka ìlọ́po pẹ̀lú mi tí wọ́n bá ń ṣe é. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Nígbà tí a bá fi máa dé méjì lọ́nà méjìlá, ìtọ̀ ti tán. Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́jọ, wọ́n fi rọ́bà lé mi lọ́wọ́, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní kí n pe àwọn tí mo bá parí. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń ṣe é fúnra mi.

Ní iléèwé, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé kí tẹ́ẹ̀mù tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ iléèwé tiwa kò ní omi, yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mi ní àsìkò ìsinmi. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé JSS 2, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo ń fo ti ọ̀sán, mo sì dín omi mímu kù. Láàárín tẹ́ẹ̀mù kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù. Ẹ máa ṣọ́ ọmọ yín nígbà tó bá ń bàlágà. Ẹ má bá a jà, ẹ kàn máa ṣọ́ ọ.

Ohun mìíràn: ara ọ̀pọ̀ wa kò gba látẹ́ẹ̀sì, ìyẹn oje igi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe bàlúùnù, ìbọ̀wọ́ dókítà àti rọ́bà ìtọ̀ aláwọ̀ pupa. Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ni mo mọ̀. Mo fẹ́ bàlúùnù méjì péré, ètè mi wú, ojú mi wú, mi ò lè mí dáadáa. Ẹ tètè máa sọ fún dókítà, pàápàá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n lo èyí tí kò ní látẹ́ẹ̀sì nínú. Àwọn kan nínú wa tún wà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, píà tàbí ìbẹ́pẹ máa ń yún lẹ́nu, ọ̀nà kan náà ni ara ń gbà kọ̀ ọ́.

Bí ọmọ tó ti ń gbẹ láàárín rọ́bà méjì bá tún ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí sódì, ẹ má ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Nígbà tí mo ń ga kíákíá ní ọdún mẹ́tàlá ni ó ṣe mí. Okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló lẹ̀ mọ́ ojú àpá, tó wá ń fà bí mo ṣe ń ga. Wọ́n tún un ṣe, àpò ìtọ̀ mi sì padà sípò tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí (Iléṣà)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ìyá ọkọ mi. Ti Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta ló jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn á bá mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè. Rọ́bà tí wọ́n fún mi jẹ́ nọ́ńbà 8, ṣé kò tóbi jù? Wọ́n tún kọ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní oxybutynin, ẹnì kan ní ilé oògùn ní ti àgbàlagbà ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ní kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dára, ṣé mi ò lè dúró títí di ìsinmi iléèwé kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Iléṣà)

Má dúró o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ohun tí o kọ.

Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni creatinine. Iṣan ẹran ara ni í ti í jáde, kíndìnrín á sì máa gbọ́n ọn dànù. Tó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, a mọ̀ pé kíndìnrín ń rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín kò ní ẹran púpọ̀ tí creatinine á ti jáde. Nọ́ńbà rẹ̀ á kéré, á dára lójú, kíndìnrín lè ti máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní cystatin C tí kì í gbára lé ẹran ara bẹ́ẹ̀. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Síkáànì tó ní kíndìnrín ti wú yẹn ni kí o gbà gbọ́.

Oògùn náà wà fún ọmọdé. Ó ń mú kí àpò ìtọ̀ dẹ̀, kí agbára inú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìwọ̀n ara ọmọ ni dókítà fi ń ṣírò iye rẹ̀, nítorí náà má ṣe bá ẹnikẹ́ni dín in tàbí fi kún un. Ẹnu rẹ̀ á máa gbẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ lè le, kò sì ní máa làágùn bó ṣe yẹ. Nígbà ooru, ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, má jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn. O béèrè nínú ọ̀rọ̀ rẹ àkọ́kọ́ bóyá oògùn lè rọ́pò rọ́bà. Kò lè rọ́pò rẹ̀. Oògùn yìí kì í ti ìtọ̀ jáde. Àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà 8 dára fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Síkáànì kíndìnrín ńkọ́? Lásìkò tí ọmọ bá ṣì kéré, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Tó bá ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì dúró, ọdọọdún. Ti ọmọ rẹ tí kíndìnrín rẹ̀ ti wú yìí, dókítà lè fẹ́ kó tètè tún un yà. Kò sì di dandan kó o lọ sí Ìbàdàn kí o tó rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà nínú ìlú wa yìí wà lábẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ kí o rí dókítà ìtọ̀ ní Ifẹ̀, bíi 30 kìlómítà ni.

Mo fẹ́ kí o ní ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mọ káàdì tí a fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ? Dókítà David Morley, tó dé Wesley Guild ní 1956, ló gbé irú káàdì yẹn kalẹ̀ nígbà tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì fi í sọ́wọ́ ìyá ọmọ kó máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ṣe irú tìrẹ. Kọ aago, kọ iye ìtọ̀ tó jáde, kọ bóyá pámpáàsì tutù tàbí ó gbẹ. Tí a bá fẹ́ fojú díwọ̀n ohun tó yẹ kí àpò ìtọ̀ ọmọdé gbà, a máa ń fi oókan kún ọjọ́ orí rẹ̀, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 30. Ọmọ ọdún mẹ́rin, 150 mílílítà. Tí iye tó ń jáde bá ń kọjá ìyẹn lemọ́lemọ́, ẹ ti ń pẹ́ jù láàárín ìgbà kan sí èkejì.

Màmá Ẹlẹ́kọ (Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́, torí ọmọbìnrin ni tèmi náà. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ gé èékánná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbalasa, ẹ ṣí orúnkún rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ nu ibẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ má nù ún láti ẹ̀yìn wá síwájú láé. Ẹ fi jẹ́lì pa orí rọ́bà. Kì í ṣe Vaseline o, jẹ́lì olómi ni. Iná tó mọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí kò bá sí iná, ẹ ní kí ẹnì kan di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ní ọjọ́ kìíní, ihò ìsàlẹ̀ ni mo kì í bọ̀. Ìtọ̀ ò jáde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí n má yọ ọ́, kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí àmì, kí n mú rọ́bà mìíràn kí n sì gbìyànjú díẹ̀ sókè sí i. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Tí ìtọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ẹ dúró. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀, torí ó máa ń ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ àpò, á tún dà bí ẹ bá fà á. Ẹ má kánjú níbí yìí, èyí tó kù sí ìsàlẹ̀ yẹn náà là ń wá.

Fún lílò ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe rọ́bà náà, àmọ́ owó kì í tó ọ̀pọ̀ nínú wa. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí mo ṣe lè fọ ọ́: omi àti ọṣẹ, kí omi gba inú rẹ̀ kọjá, kí n gbé e kọ́ kó gbẹ pátápátá, kí n wá fi í sínú ike onídérí tó mọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tiyín léèrè ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ ọ́ nù. Tó bá ti le tàbí tó ti yí àwọ̀ padà, ẹ má tún un lò.

Ìyá Ìbejì (Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀)

Mo fẹ́ sọ nípa àgbo. Lẹ́yìn tí ìròyìn bá jáde pé kíndìnrín ọmọ wú, gbogbo ènìyàn á máa gbé ìgò wá, pé èyí ń fọ kíndìnrín. Mo gba ọ̀kan rí fún ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi. Ọjọ́ kẹta, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ dín kù. Ọlọ́run ló yọ wá. Kíndìnrín tó ti ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbọ́n gbogbo nǹkan tí a bá dà sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ jìnnà sí abẹ́rẹ́ gentamicin tí kẹ́místì ń gún láìsí dókítà náà, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìbúprófẹ́ẹ̀nì fún ara gbígbóná, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Tí ìtọ̀ bá rí bí omi ẹ̀kọ, tàbí tó ń rùn, tí ara ọmọ sì dá ṣáká, ẹ má sáré ra oògùn apakòkòrò. Ìtọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lo rọ́bà máa ń ní kòkòrò nínú tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tí a bá ń pa á ṣáá, èyí tó kù á le débi pé oògùn ò ní ràn án mọ́. Àmọ́ tí ibà bá wà, tó ń bì, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìgbẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ìgbẹ́ tó le tó sì kún inú máa ń ti àpò ìtọ̀, kò ní jẹ́ kó tú dáadáa. Ẹ̀fọ́, ọsàn, omi, kí ẹ sì gbé e lé póò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ lójoojúmọ́ ní aago kan náà. Láti ìgbà tí tèmi ti ń yàgbẹ́ déédéé ni ibà ìtọ̀ ti dín kù.

Ìyàwó Dírẹ́bà (Iléṣà)

Ẹ̀yin màmá, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ mi kejì ló ní in. Ó wù mí kí n tún bímọ, ẹ̀rù ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Iléṣà)

Kò sí ìbínú níbẹ̀, ọmọ mi. Rí dókítà kí o tó jáwọ́ nínú fètò-sọ́mọ-bíbí. Folic acid, fítámì tó ń ran ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́ láti pa dé, èyí tí gbogbo obìnrin ń lò jẹ́ 0.4 mílígíráàmù lójúmọ́. Fún ẹni tó ti bí irú ọmọ yìí rí, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ní 4 mílígíráàmù, ó sì dín títún-ṣẹlẹ̀ rẹ̀ kù ní nǹkan bíi 72 nínú 100. Ṣáájú oyún ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán oṣù kan. Rántí ọjọ́ 28 tí mo sọ lókè. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa fi máa mọ̀ pé a ti lóyún, ẹ̀yìn ọmọ ti pa dé tàbí kò pa dé.

Ìyá Àkọ́bí (Iléṣà)

A ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́ èmi àti ìyá ọkọ mi lánàá, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n fojú ara wọn rí ihò ìtọ̀ náà, wọ́n ní "Háà, ibí yìí ni?"

Lónìí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, èmi nìkan ló ṣe é nílé. Kò sí iná. Ìyá ọkọ mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú, ọmọ sì ń ka A B D pẹ̀lú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣìnà. Pámpáàsì tí mo yọ nídìí rẹ̀ wúwo, ó tutù débi pé ó ti yọ sára bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Nígbà tí mo fi rọ́bà sí i, mo rò pé kò ní sí nǹkan kan. Ó ń dà, ó ń dà. Mo wò ó nínú ife oníwọ̀n: 230 mílílítà. Lẹ́yìn pámpáàsì tó ti tutù yẹn.

Mo gbé ife náà dání fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dà á nù. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo wà nídìí àdògán, ìyá ọkọ mi ló pè mí láti inú ilé pé àsìkò ti tó.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì (Iléṣà)

O káre, ọmọ mi. Kọ 230 yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, kí o sì mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà lọ. Bi dókítà bóyá kí ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan kún un kó tó sùn lálẹ́.